Bàbá Àkàngbé Kò Gbọdọ̀ Wo Bọ́ọ̀lù

Lọ́jọ́ tí Nàìjíríà gbá pẹ́nárítì kí wọ́n tó lè wọ àṣekágbá ife Áfíríkà, èèyàn mẹ́rìndínlógún ló sáré jáde láti ilé ìwòran bọ́ọ̀lù Abdulfatai ní Sùúrùlérè, wọ́n lọ pàdé bàbá àgbàlagbà kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere bọ̀ wá sílé ara rẹ̀. Wọn kò lọ kí i káàbọ̀. Wọ́n lọ dá a padà ni.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà," Abdulfatai ní. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ dá màlúù dúró.

"Ilé mi ni mò ń lọ."

"A mọ̀, sà. Ilé yín wà níbẹ̀, kò lọ síbì kankan. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbá pẹ́nárítì ni."

"Ṣé eré yẹn ò tíì parí ni?"

"Ọ̀mì ni wọ́n gbá, sà. Wọ́n fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un, ọ̀mì náà ni. Ẹ má wo apá ibẹ̀ yẹn, sà."

Bàbá Àkàngbé wo apá ibẹ̀ yẹn. Lójú ẹsẹ̀, igbe sọ nínú ilé ìwòran: ẹni tó kọ́kọ́ gbá pẹ́nárítì fún Nàìjíríà ti gbá a sójú sánmà. Wọ́n yí kẹ̀kẹ́ náà padà pẹ̀lú bàbá lórí rẹ̀, wọ́n sì tì í sọ́nà Ojúẹlẹ́gba bí ìgbà tí wọ́n ń ti mọ́tò tí bátìrì rẹ̀ ti kú.

Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló yí abẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba ká. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, obìnrin tó ń darí ọkọ̀ níbẹ̀ dá a dúró, ó bi í bóyá ó ṣìnà ni.

"Rárá, ọmọ mi," ó ní. "Nàìjíríà ni mò ń ràn lọ́wọ́."

Nàìjíríà borí. Wọ́n gbé e wálé lórí èjìká, àwọn mìíràn gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Nínú gbogbo ayọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó rántí orúkọ aṣọ́lé tó mú pẹ́nárítì méjì.

Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ni Bàbá Àkàngbé ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Pápá Àjàó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ga, ó gbẹ, ó sì lè dúró ní òdìkejì títì kó gbọ́ ìró ẹ̀rọ kan, kó sọ irin tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bọ́ọ̀lù nìkan ni ẹ̀rọ tí kò yé e. Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lọ, èyí ni kò sì jẹ́ kó lè dákẹ́ nídìí rẹ̀.

Kọ́lápọ̀, ọmọkùnrin rẹ̀, ló dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Ó ń múra àtiwọ yunifásítì lọ́wọ́ nígbà náà, ìmọ̀ ìṣirò ló fẹ́ lọ kọ́. Ní ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn tí Nàìjíríà ti pàdánù, ó mú ìwé kan jáde ní pálọ̀.

"Dádì, ẹ má bínú. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Eré mẹ́rìnlá lẹ wò. A pàdánù mọ́kànlá, a gbá ọ̀mì mẹ́ta."

"Èmi ni mò ń gbá a?"

"Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi, sà. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ lọ sìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹ pẹ́ níbẹ̀. Eré mẹ́ta ni wọ́n gbá. A borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Bàbá Àkàngbé yíjú sí Ọmọ́níkẹ́, ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. "Ìyá Moyọ̀, ṣé o gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ ń sọ?"

"Mo gbọ́. Èmi ò sọ pé ẹ lágbára lórí bọ́ọ̀lù o." Ó ju òkúta kan sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìwé kì í parọ́."

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ní kó kọjú sí ògiri. Nàìjíríà gbá ọ̀mì. Wọ́n ní kó jókòó ní kíṣíìnì. Ọ̀mì náà ni, àmọ́ wọ́n gbá góòlù wọlé. Ó bọ́ sẹ́nu géètì, wọ́n borí pẹ̀lú ẹyọ kan. Ó rìn dé Ojúẹlẹ́gba, ẹyọ méjì. Ó dé Yábàá, ẹyọ mẹ́ta. Kọ́lápọ̀ fa ìlà sínú ìwé rẹ̀, ó ṣírò rẹ̀ títí, ó ní bí bàbá òun bá lè dé Ìbàdàn, Nàìjíríà yóò gba ife àgbáyé.

Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ tó fi dé ilé ìwòran. Nígbà tí orúnkún bàbá wú nítorí ìrìn, àdúgbò para pọ̀, wọ́n ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ pupa kan fún un, irú èyí tí àwọn eléré ìje ń gùn, tí ìjókòó rẹ̀ tín-ín-rín bí ahọ́n. Abdulfatai ló sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti fún un.

"Bàbá, ẹ má rò ó pé a lé yín. A rán yín níṣẹ́ ni."

Kò dun bàbá pé wọ́n ń pe òun ní olórí líle tí kì í jẹ́ kí Nàìjíríà borí. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín sí i. Ohun tó dùn ún ni pé tí wọ́n bá gbá góòlù wọlé, ìyàwó òun àti àwọn ọmọ òun á fò sókè ní pálọ̀ òun, òun á sì wà lójú títì. Kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó máa ń ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín wo ẹyọ kan nílé yìí kí n tó kú." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín. Ọmọ́níkẹ́ á sì na akoto rẹ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá lé jáde tí wọ́n sì fún ní kẹ̀kẹ́ kò ní pẹ́ di agunkẹ̀kẹ́. Láàárín ọdún kan, bàbá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ ṣọ́ọ̀bù. Láàárín ọdún méjì, ó ti bá àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n máa ń gùn ún láàárọ̀ Saturday dá ẹgbẹ́. Àwọn yẹn ní aṣọ tiwọn, ṣòkòtò pélébé tó lẹ̀ mọ́ itan. Ó wọ tirẹ̀ jáde láti yàrá.

Ọmọ́níkẹ́ wò ó. "Bàbá Moyọ̀, ẹ padà lọ wọ èyí tó kù."

"Èwo ló kù?"

"Ṣòkòtò."

Wọ́n sọ ọ́ títí, wọ́n fẹnu kò sí bùbá gígùn lórí rẹ̀. Láti òkèèrè, tí afẹ́fẹ́ bá ti wọnú bùbá náà, ó máa ń dà bí àlùfáà tó ń sá fún ìjọ rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ní ohun kan lórí fóònù wọn tó ń ka kìlómítà. Bàbá kò gbà á gbọ́. Ibùdókọ̀ lòun fi ń kà á. "Ibùdókọ̀ mẹ́tàdínlógún ni mo gùn láàárọ̀ yìí," á wí, "mo sì dúró kí èèyàn ní mẹ́fà níbẹ̀." Ìkíni ni kò lè fi sílẹ̀. Nígbà èwe rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ tó bá pàdé àgbà á bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ni. Èèwọ̀ ni kéèyàn fò kọjá lára àgbà bí ìgbà tí adìyẹ bá rí àṣá.

Ìyẹn ló dá wàhálà sílẹ̀ ní ọdún tí wọ́n ṣe ìdíje ẹgbẹ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, bàbá pe gbogbo wọn jọ. Ó ní ẹ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá lè kọjá òun kó kọjá, kó ṣáà ti kí òun. Wọ́n gbà. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n gbà.

Ẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ kọjá ní, "Ẹ kú ìdíje, sà."

"O ṣeun, ọmọ mi. Mọ́mì ńkọ́? Ẹsẹ̀ wọn tó ń dùn wọ́n yẹn, ṣé ó ti fúyẹ́?"

"Ó ti fúyẹ́, sà."

"Epo wo ni wọ́n fi pa á?"

Kò sí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé tó lè fi ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láì dáhùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ epo fi máa tán, ẹni kejì ti dé ẹ̀yìn, òun náà ń dúró de ààyè àtikí bàbá. Títí wọ́n fi dé iwájú pápá ìṣeré, ọ̀dọ́ méjìdínlógún ló ń tò lọ lẹ́yìn rẹ̀ bí àwọn tó ń retí omi ẹ̀rọ. Àwọn méjì tó ti wà níwájú rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló ṣíwájú rẹ̀ dé.

Níyì, olórí ẹgbẹ́ náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Bàbá, ìdíje ni o. Ẹ dá gbogbo wọn dúró."

"Èmi ò dá ẹnikẹ́ni dúró," ni bàbá tó gba ipò kẹta fèsì. "Ilé tí wọ́n ti kọ́ wọn ló dá wọn dúró."

Ọ̀rọ̀ pẹ́nárítì tí a fi bẹ̀rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọdún kẹsàn-án tí wọ́n ti ń lé e jáde. Wọ́n gbá àṣekágbá náà ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì pàdánù. Òjò ńlá ló rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ká bàbá mọ́ abẹ́ ilé kan ní Sábó. Ní Sùúrùlérè, wọ́n ní kò jìnnà tó ni. Kọ́lápọ̀ fi ìwé rẹ̀ hàn wọ́n, gbogbo wọn mi orí.

Moyọ̀sọ́lá, àkọ́bí rẹ̀, kò bá wọn mi orí. Nọ́ọ̀sì ni ní Ìdí-Àràbà, ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá rẹ̀ ló ń kọ ọ́ lóminú. Òun náà ra kẹ̀kẹ́. Nígbà tí Nàìjíríà tún máa gbá bọ́ọ̀lù, ó jẹ́ kí bàbá rẹ̀ ṣáájú, ó wá rọra tẹ̀ lé e. Wọ́n kọjá Tejúoṣó, wọ́n kọjá Sábó, wọ́n já sí Ìwáyà, títí wọ́n fi dé etí ọ̀sà níbi tí òórùn ẹja yíyan ti gba gbogbo afẹ́fẹ́. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ níwájú ahéré pákó kan. Moyọ̀sọ́lá gbọ́ tí wọ́n pariwo nínú rẹ̀.

"Bàbá Oríire ti dé. Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n."

Moyọ̀sọ́lá yọjú. Bàbá rẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú, àwo ẹja lórí itan rẹ̀, ojú rẹ̀ lórí bọ́ọ̀lù.

Máyọ̀kún, ẹni tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, tó sì ni ahéré náà, rí i lẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí, ẹ wọlé. Ẹ má jókòó síwájú bàbá o. Tí bàbá yẹn ò bá ríran dáadáa, wọ́n á nà wá ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ wo àṣekágbá tó kọjá. Òjò ò jẹ́ kí bàbá wá. Ẹ̀yin náà ṣáà rí ohun tí ojú wa rí."

Bàbá Àkàngbé bojú wẹ̀yìn. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò ó títí, ó wá sún fún un lórí bẹ́ǹṣì.

"Jókòó," ó ní. "Wọ́n fẹ́ gbá kọ́nà."

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n rọra ń gun kẹ̀kẹ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Láti ìgbà wo, Dádì?"

"Láti ọdún kejì."

"Gbogbo eré tí a borí yẹn, ẹ wò ó?"

"Kò sí èyí tí n kò wò."

"Ọjọ́ pẹ́nárítì ńkọ́?"

"Iná wọn ló lọ lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Mo ń sáré bọ̀ wá yọjú lójú fèrèsé Abdulfatai ni."

Moyọ̀sọ́lá rẹ́rìn-ín títí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Mọ́mì? Wọ́n á jẹ́ kí ẹ máa wò ó nílé."

"Wọ́n á jẹ́ kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan. Tí wọ́n bá wá pàdánù ńkọ́?" Ó fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ díẹ̀. "Tí a bá borí ní Ìwáyà, èmi ni mo ṣe é. Tí a bá borí ní Sùúrùlérè, èmi náà ni. Ta ló tún wà nípò yẹn ní Nàìjíríà yìí?"

Láti ọjọ́ náà lọ, kẹ̀kẹ́ méjì ló ń jáde. Inú àdúgbò dùn. Abdulfatai ní bí èèyàn méjì bá ń gbé orí líle náà lọ, yóò yá ju ti ẹnì kan lọ.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ọkàn bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ó dùbúlẹ̀ nílé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n wá dá a padà sílé pẹ̀lú oògùn púpọ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Wọ́n pe Moyọ̀sọ́lá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sọ èyí tó kù fún un. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wo ojú rẹ̀, kò sì bi í.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Nàìjíríà tún wọ àṣekágbá. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sunday ni wọ́n máa gbá a. Nígbà tó di aago mẹ́ta, Abdulfatai àti àwọn àgbààgbà ilé ìwòran kan ilẹ̀kùn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan wà lẹ́yìn wọn, wọ́n ti fi tìmùtìmù mẹ́rin sí ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀.

"Bàbá, ara á yá o," Abdulfatai ní. "A mọ̀ pé ẹ ò lè gun kẹ̀kẹ́. Ẹ ò ní ṣe nǹkan kan. Wọ́n á kàn rọra gbé yín lọ síbi tó jìnnà díẹ̀, kí wọ́n tún rọra gbé yín bọ̀."

Kí bàbá tó dáhùn, mọ́tò kan dúró níta. Máyọ̀kún wọlé pẹ̀lú èèyàn mẹ́fà àti agbọ̀n ẹja kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí nilé Bàbá Oríire? A wá gbé wọn ni. A ti gbé àga onítìmùtìmù síwájú tẹlifíṣọ̀n fún wọn."

"Síwájú kí ni?" Abdulfatai ní.

Máyọ̀kún ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé dáadáa, kò fi nǹkan kan sílẹ̀, ó ka àwọn eré náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ́lápọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Abdulfatai wá ibi tó máa jókòó sí.

Ọmọ́níkẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án."

"Ìyá Moyọ̀," bàbá ní.

"Kí ni wọ́n ń fún yín jẹ níbẹ̀?"

"Ẹja."

"Ẹ̀ ń jẹ ẹja yó, ẹ̀ ń wá jẹ ẹ̀bà mi lé e."

"Kẹ̀kẹ́ yẹn máa ń pa ebi sí mi nínú ni."

Ó yíjú sí Moyọ̀sọ́lá. "Ìwọ náà?"

"Ẹ má bínú, Mọ́mì."

Àríyànjiyàn wá gba ilé kan. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé e lọ kó má bàa wò ó, àwọn kan ní kí wọ́n gbé e lọ kó lè wò ó. Abdulfatai di apá kan àga bàbá mú, Máyọ̀kún di apá kejì.

"Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti bi mí níbi tó wù mí?" bàbá ní. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Gbogbo wọn gbọ́.

Kò sẹ́ni tó ti bi í rí.

"Ibí ni," ó ní.

"Ìyá, àṣekágbá ni o," Abdulfatai ń bẹ Ọmọ́níkẹ́. "Ife ni."

Ọmọ́níkẹ́ ti ń sún lórí àga gígùn kí àyè lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Tí wọ́n bá pàdánù, kí wọ́n pàdánù. Ọkọ mi máa wò ó nílé rẹ̀. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, ilé ìwòran ò jìnnà."

Kò sẹ́ni tó lọ. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n dúró ti ògiri, Ìwáyà jókòó lé Sùúrùlérè lẹ́sẹ̀. Wọ́n tó ogójì nínú pálọ̀ yẹn. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kejìlá, àwọn alátakò gbá góòlù wọlé. Ogójì ojú yíra padà, wọ́n wo bàbá, wọ́n sì tún yára wo tẹlifíṣọ̀n.

Bàbá ní kì í ṣe góòlù, ọfsáìdì ni.

"Kì í ṣe ọfsáìdì," Ọmọ́níkẹ́ ní. "Agbábọ́ọ̀lù wa tó wà lápá òsì ló dúró sẹ́yìn, tí kò jẹ́ kó jẹ́ ọfsáìdì. Ẹ wò ó, wọ́n ń tún un fi hàn."

Wọ́n tún un fi hàn. Bó ṣe wí ló rí. Bàbá Àkàngbé wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀.

"O ti wá mọ̀ ọ́n tó báyìí?"

"Ta ni mo fẹ́ máa bá jiyàn? Mo kúkú ń wò ó ni."

Wọ́n jiyàn títí di ìsinmi. Wọ́n jiyàn lórí rẹfirí, wọ́n jiyàn lórí ẹni tó yẹ kí wọ́n yọ. Ó borí bàbá nínú gbogbo rẹ̀. Moyọ̀sọ́lá ní òun kò rí bàbá òun kó gbádùn pípàdánù tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn ìsinmi, Moyọ̀sọ́lá fún un ní oògùn rẹ̀. Kò pẹ́ tí orí rẹ̀ fi rọra wá sí èjìká Ọmọ́níkẹ́. Ó sùn lọ. Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú, Nàìjíríà dá góòlù padà. Gbogbo pálọ̀ fò sókè, wọ́n ya ẹnu láti kígbe. Ọmọ́níkẹ́ gbé ìka kan sókè.

Igbe náà kò jáde. Ogójì èèyàn dúró ní pálọ̀ kan ní Sùúrùlérè, ọwọ́ wọn lókè, ẹnu wọn ṣí sílẹ̀ gbàgà, láìsí ìró kankan. Ní ọ̀nà Múṣin, ariwo sọ bí ààrá. Abdulfatai rọ́ mọ́ Máyọ̀kún, àwọn méjèèjì ń fò pẹ̀lú ọmọ ìka ẹsẹ̀.

"Ó ti sùn," Abdulfatai sọ sí i létí. "Kò wò ó."

"Ó wà níwájú rẹ̀," Máyọ̀kún sọ padà. "Ó jókòó tì í."

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí rẹ̀. Góòlù kejì wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìgbà yìí, Kọ́lápọ̀ ki ìwé rẹ̀ bọ ẹnu kó lè dákẹ́. Omi ń bọ́ lójú àwọn àgbààgbà, wọ́n ń fi aṣọ nù ún, wọ́n ń ju ọwọ́ sókè, wọ́n sì ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́ bí àwọn tó wà nílé ìkókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá Àkàngbé kú, lórí ibùsùn rẹ̀, láàárọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó sin ín lọ sí itẹ́ òkú gun kẹ̀kẹ́ wọn, Sùúrùlérè àti Ìwáyà sì jọ bu iyẹ̀pẹ̀ sí i. Àmọ́ ìrọ̀lẹ́ Sunday yẹn ni wọ́n ṣì ń sọ.

Nígbà tí rẹfirí fun fèrè ìkẹyìn, Ọmọ́níkẹ́ kò gbé èjìká rẹ̀ kúrò. Wọ́n ń gbé ife lọ́wọ́ nínú tẹlifíṣọ̀n nígbà tí bàbá lajú. Ó wo gbogbo èèyàn tó kún ilé rẹ̀, tí ojú gbogbo wọn tutù fún omi, tí wọ́n dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí wọ́n sì ń wo òun.

"A pàdánù?" ó ní.

"A borí," Ọmọ́níkẹ́ ní. "Méjì sí ẹyọ kan."

Bàbá Àkàngbé tún akẹtẹ̀ orí rẹ̀ ṣe. Ó jókòó dáadáa, ó gbé ọwọ́ lé itan, bí ọkùnrin tó wà nílé ara rẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo rí gbogbo rẹ̀."

Kọ́lápọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ wò ó.

"Gbogbo rẹ̀ lẹ rí," Ọmọ́níkẹ́ ní. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó pariwo.